Òmùwẹ̀ Ní Í Bómi Lọ

Ó wà gàdàgbà lára tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi pé oúnjẹ ọ̀sán ti wà nínú owó tí a san, pé kẹ́nikẹ́ni má gbé oúnjẹ wọnú ọkọ̀. Mo kà á fún Màmá lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Mo tún un kà. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Àfìgbà tí a dé jẹ́tì ní Ìkòyí l’Ékòó láàárọ̀ Sátidé, tí ọmọkùnrin tó ń yẹ ẹrù wò ní kí wọ́n ṣí kúlà wọn. Mọ́ínmọ́ín elewé mẹ́rìndínlógún ló tò síbẹ̀, ẹ̀kọ tútù wà lábẹ́ wọn, orógbó wà nínú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Oògùn mi ni.” Màmá ló wí bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà wo mọ́ínmọ́ín, ó wo Màmá. “Gbogbo ẹ̀, Mà?”

“Mẹ́rin láàárọ̀, mẹ́rin lọ́sàn-án, mẹ́rin nírọ̀lẹ́, mẹ́rin bí mo bá fẹ́ sùn.”

Ó pa kúlà dé, ó ní kí wọ́n máa kọjá. Èmi ò tiẹ̀ lè wo ojú ẹ̀.

Ará Ìbàdàn ni wá, ọmọ orí òkè. Kì í ṣe pé Ìbàdàn ò lómi o. Wọ́n ti dí odò ní Ẹlẹ́yẹlé láti 1942, wọ́n dí Ọ̀ṣun ní Àṣéjìrẹ́ lójú ọ̀nà Ifẹ̀, odò Ọ̀nà àti Ògùnpa àti Kúdẹtì sì ń ṣàn kọjá láàárín ilé. Ṣùgbọ́n omi mímu ni lójú tiwa, omi ìfọṣọ, omi tí à ń sá fún bójò bá ṣú. Ẹni tó bá jí láàárọ̀ tó ní òun fẹ́ lọ ṣeré nínú odò, a máa ń bi í pé ta ló ṣe é.

Nílé tiwa, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mọ́tò bá ti fẹ́ gun afárá Àṣéjìrẹ́, Màmá á ní ká dijú, a ò gbọ́dọ̀ là á títí a ó fi kọjá. Nígbà tí ilé ìwé wa ní ká mú owó wá ká lè lọ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, mo wà ní kíláàsì kejì girama, gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi dá mi lóhùn: òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ ò ní í sún mọ́ odò, báwo lodò ṣe fẹ́ rí i gbé? Mo wá ohun tí mo máa fi dá wọn lóhùn, mi ò rí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ, èmi jókòó sí kíláàsì, mò ń ya àwòrán ẹja sẹ́yìn ìwé.

Màmá ní ìdí tiwọn. Lọ́jọ́ Àìkú, 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, wọn ò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, wọ́n ń ta aṣọ nítòsí odò Ògùnpa, ilé tí wọ́n yá ò sì jìnnà síbẹ̀. Ògùnpa yìí, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé lè fò ó. Àwa èèyàn la kọ́lé sí i létí, tí a da pàǹtí sí i lọ́nà ọ̀fun, tí òjò ńlá wá dé tí omi ò rọ́nà lọ, ó bá gba ojúlé wọlé. Omíyalé ni wọ́n sọ ọ́. Títí dòní, ẹ lè bi àgbà Ìbàdàn ní ọjọ́ orí ọmọ ẹ̀ kó ní, “Ó ti ń rìn lọ́dún Omíyalé.” Bọ̀dá mi wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Màmá ní omi wà ní orúnkún nígbà tí àwọn gbé e pọ̀n, kí àwọn tó so ọ̀já tán, ó ti dé ìdí. Wọ́n gun òkè lọ láìmú nǹkan kan lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n padà wá, ìsọ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́, ilẹ̀ tí ìsọ̀ dúró lé gan-an ò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn ará àdúgbò wọn tí wọ́n jọ kí ara wọn lálẹ́ àná, wọn ò rí òkú àwọn mìíràn nínú wọn sin.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ níwájú wọn pé omi ò lọ́tàá, wọ́n á ní ẹni tí Ògùnpa ò gbé ìsọ̀ ẹ̀ lọ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Mo ti dàgbà, mo ti bímọ, kí n tó rí ibi tí òwe Màmá ti já. Àwọn tí Ògùnpa gbé lọ lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe òmùwẹ̀. Ẹni tó ń sùn lórí ibùsùn ẹ̀ ni, ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé ẹ̀ láti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Wọn ò wá odò lọ, odò ló wá wọn wá. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2011 omi tún wá, ó gbé afárá, ó gbé èèyàn, kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó mọ̀wẹ̀. Mi ò sọ pé ìlúwẹ̀ẹ́ á gba èèyàn lọ́wọ́ àgbàrá tó ń gbé mọ́tò. Ohun tí mò ń sọ ni pé àìmọ̀wẹ̀ ò dáàbò bo ẹnì kankan rí.

Ìdí nìyí tí mo fi mú Àjọkẹ́ ọmọ mi lọ kọ́ ọ, tí mo sì fi pa mọ́ fún Màmá. Ẹ ò sì ní mọ ibi tí ó ti kọ́ ọ. Ọgbà Àgọ́dì ni. Omi Ògùnpa gba inú ọgbà yẹn kọjá, lọ́dún Omíyalé ló sì gbá àwọn ẹranko tó wà níbẹ̀ lọ. Wọ́n ti tún un ṣe, wọ́n gbẹ́ pùùlù síbẹ̀, omi aláwọ̀ búlúù, ọmọ kéékèèké ń pariwo. Gbogbo ìgbà tí mo bá jókòó sétí pùùlù yẹn tí mò ń ṣọ́ aṣọ Àjọkẹ́, ara mi máa ń ṣe bákan. Bí Màmá bá bèèrè, a lọ sí lẹ́sìn ẹ̀yìn ilé ìwé ni.

Bọ̀dá mi tí wọ́n gbé pọ̀n sá lọ́jọ́ náà, Jámánì ni wọ́n ń gbé báyìí. Wọ́n sọ fún mi pé lọ́hùn-ún, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ìlúwẹ̀ẹ́ ọmọdé ṣeré, pé àmì kan wà tí wọ́n ń pè ní Seepferdchen, ẹṣin inú òkun nìtumọ̀ ẹ̀, ọmọ tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ bẹ́ sínú omi láti etí pùùlù, kó lúwẹ̀ẹ́ mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kó sì mú nǹkan jáde láti ìsàlẹ̀ omi. Ìyá ọmọ á wá rán an mọ́ ṣòkòtò ìwẹ̀ ẹ̀. Ọmọ wọn gbà á lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Lọ́jọ́ náà, gbogbo bàbá tó wà níbẹ̀ bẹ́ sómi láti bá ọmọ wọn yọ̀, Bọ̀dá mi nìkan ló dúró létí pùùlù pẹ̀lú tówẹ̀ẹ̀lì lọ́wọ́. Ogójì ọdún ku díẹ̀ nígbà náà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀.

Àwọn ló sanwó ìgbafẹ́ yìí nígbà tí wọ́n wálé lóṣù Kejìlá. Ọkọ̀ ojú omi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ lórí ọ̀sà Èkó, ibi méjì tí ọkọ̀ á ti dúró kí èèyàn lè lúwẹ̀ẹ́, oúnjẹ ọ̀sán lórí omi. Bí wọ́n ṣe gba Màmá tó fi gbà, mi ò lè sọ. Mo rò pé wọ́n ní, “Ẹ wá wò mí.” Ọkọ mi ò tẹ̀lé wa, ó ní ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ kì í sanwó láti lọ jókòó sórí omi. Ilé wọn àti ilé wa kì í jà nírú ọ̀rọ̀ báyìí.

A wọ rélùwéè ní Mọ́níyà lọ́sàn-án Fúráìdé. Láti ọdún 2021 tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà irin tuntun yìí, kìlómítà mẹ́tàdínlọ́gọ́jọ, n kì í fẹ́ gba márosẹ̀ mọ́. Màmá fẹ́ràn rélùwéè. Ó ń tẹ ilẹ̀. A sùn sọ́dọ̀ ẹbí ní Yábàá.

Tíkẹ́ẹ̀tì ní aago mẹ́sàn-án, ọkọ̀ ò ṣí títí di aago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wá, orin ni wọ́n kàn ń yí sókè. Èyí ò dùn mí tó ti láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Ọmọdé mẹ́sàn-án ló wà láàárín wa, ti ọmọdé mẹ́rin ni wọ́n kó wá. Wọ́n fi ti àgbàlagbà wọ ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méje. Mo ní kó na apá méjèèjì sókè. Mo di jákẹ́ẹ̀tì náà mú léjìká, mo fà á díẹ̀, ó yọ gba orí ẹ̀ wọ̀ọ̀. Ohun tó máa ṣe nínú omi nìyẹn: jákẹ́ẹ̀tì á léfòó, ọmọ á rì. Wọ́n ní kò séwu, ọkọ̀ ńlá ni. Mo jókòó sẹ́nu pákó tí wọ́n ń tẹ̀ wọkọ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ń kì wá pé Ìbàdàn má jà má jà bíi tọjọ́ kìíní, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, mo jà. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, jákẹ́ẹ̀tì ọmọdé márùn-ún jáde láti inú yàrá kan lẹ́yìn ọ́fíìsì. Ibẹ̀ ló wà látàárọ̀.

Ọkọ̀ náà ní àjà méjì. Àwọn ọmọ sáré gòkè. Màmá wá àárín gbùngbùn ọkọ̀ nísàlẹ̀, wọ́n di òpó kan mú, wọ́n ju orógbó sẹ́nu. A gba abẹ́ afárá Fálómọ, a jáde síbi tí omi ti fẹ̀, níbi tí àwọn ọkọ̀ òkun ń gbà wọlé lọ sí Àpápá. Bí ọ̀kan ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ga bí ilé alájà mẹ́wàá, ó dúdú, ó ń kán omi. Orí gbogbo wa yíjú sókè. Ìgbì ẹ̀ ló dé lẹ́yìn tó ti kọjá tán, ó gbé wa sókè, ó sọ̀ wá kalẹ̀. Mo wẹ̀yìn wo Màmá. Ojú wọn wà ní dídì, bíi ti Àṣéjìrẹ́.

Ọmọ Ìlàjẹ ni àgbà tó ń tukọ̀ wa. Ìgbà tó gbọ́ pé a wá láti Ìbàdàn, ó rẹ́rìn-ín títí. Àjọkẹ́ bi í nípa ewéko tó máa ń bo ọ̀sà tí òun rí lórí fóònù, pé ibo ló wà. Ó ní tìgbà òjò nìyẹn, omi odò láti òkè ló ń gbé e wá. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí omi òkun bá rí àyè wọlé, iyọ̀ á pa á.

“Ṣé iyọ̀ wà nínú ẹ̀ lóòótọ́?” Màmá ló là ojú bèèrè.

“Ẹ tọ́ ọ wò, Mà.”

“Ọlọ́run máà jẹ́.”

Ìláṣẹ̀ ni ibi àkọ́kọ́. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, omi ọ̀sà ní iwájú, òkun lẹ́yìn. Ọkọ̀ dúró lápá ọ̀sà, wọ́n na okùn yí ibi tí a ti lè wẹ̀ ká, ṣùgbọ́n àgbà náà ní ká kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn lọ wo òkun lódìkejì. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni nínú yanrìn, lábẹ́ àgbọn. Ó tọ́ka síbi kan tí ìgbì ò ti fi bẹ́ẹ̀ hó, ó bi àwọn ọmọ pé bí wọ́n bá fẹ́ wọ òkun, ṣé ibẹ̀ ni wọ́n máa gbà? Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà mi orí.

Ó ní ibẹ̀ gan-an ni ikú wà. Omi tí ìgbì bá gbé gun etíkun gbọ́dọ̀ padà. Kì í padà lẹ́ẹ̀kan náà káàkiri, ibi tí yanrìn bá ti jin kòtò díẹ̀ ló máa gbà, gbogbo ẹ̀ á rọ́ gba ibẹ̀ bí èrò tó ń jáde lẹ́nu ọ̀nà kan ṣoṣo. Nítorí pé omi ń jáde, ìgbì kì í fi bẹ́ẹ̀ fọ́ níbẹ̀, ojú ẹ̀ á tutù pẹ̀sẹ̀. Ẹni tó bá kó sínú ẹ̀, tó ní agbára lòun fẹ́ fi lúwẹ̀ẹ́ padà sílẹ̀, á rẹ̀ ẹ́, á rì. Kó má bá a jà. Kó máa lúwẹ̀ẹ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó máa bá etíkun lọ, títí omi á fi jọ̀wọ́ ẹ̀. “Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru,” ló wí, ó sì kó wa padà.

Mo rántí òwe Màmá níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ wà nínú ẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe òótọ́ tí wọ́n fi dù mí ní owó ìlúwẹ̀ẹ́ nígbà náà.

Lápá ọ̀sà, mo wọ omi dé àyà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lókè, ó tutù nísàlẹ̀, ẹrẹ̀ ń yọ́ gba àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Àjọkẹ́ ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, òun máa gbé orí mi dání. Mo ní kó má fi mí sílẹ̀ o. “Mọ́mì, ẹ ti le jù, ẹ ṣe ọrùn yín jẹ́jẹ́.” Ohùn tí mo fi máa ń bá a sọ̀rọ̀ bí mo bá ń di irun fún un ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀ yẹn. Etí mi wọ inú omi, gbogbo ariwo kú. Ó tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí n tó rántí Ògùnpa, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, mo gbé omi mì.

Ìgbà tí mo padà sọ́kọ̀, Màmá ń dúró dè mí. “Ta ló kọ́ ọmọ yìí?”

“Wọ́n kọ́ ọ ni, Mà.”

“Ẹ̀kọ́ lẹ́sìn ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa.” Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀.

Oúnjẹ ọ̀sán, ẹ jẹ́ ká yára sọ ọ́: jọ̀lọ́ọ̀fù, dòdò, itan adìyẹ, àwo kéékèèké. Ó dùn o. Ṣùgbọ́n òkè ọkọ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú, nígbà tí ó fi máa dé ọ̀dọ̀ wa nísàlẹ̀, dòdò ti tán, ìrẹsì ti ń di ìdí ìkòkò. Àwọn ọmọ wo àwo wọn, wọ́n wo ara wọn. Màmá ò bá ẹnì kankan jà. Wọ́n kàn fà kúlà jáde lábẹ́ ìjókòó. Àwa mẹ́jọ, mọ́ínmọ́ín méjì méjì. Wọ́n ti kà á kí a tó kúrò ní Ìbàdàn.

Bí a ṣe ń tú ewé, tí òórùn ẹ̀ gba gbogbo ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ọmọkùnrin tó yẹ ẹrù wò láàárọ̀ yọjú. Ó dúró, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ìyá wa, oògùn yẹn dà?” Màmá fún un ní ìkan nínú tiwọn pẹ̀lú ẹ̀kọ kan, wọ́n ní kó lò ó lẹ́yìn oúnjẹ.

Aago mẹ́ta ti kọjá nígbà tí a dé Tarkwa Bay. Lẹ́nu ibi tí òkun ti ń wọ Èkó gan-an ló wà. Láyé ìjọba òyìnbó ni wọ́n to òkúta sínú òkun lápá méjèèjì kí yanrìn má baà dí ọ̀nà ọkọ̀, òkúta yìí náà ló ń gba ìgbì dúró tí ibẹ̀ fi tòrò. (Ohun tó gbè ẹ̀gbẹ́ kan, ó jẹ ẹ̀gbẹ́ kejì: yanrìn tí òkúta dá dúró lápá ìwọ̀ oòrùn ni kò dé Bar Beach ní Victoria Island mọ́, tí òkun fi jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdọ̀tí Ògùnpa lọ́nà mìíràn.) Wọ́n ju ìdákọ̀ró sílẹ̀, wọ́n gbé àkàbà sódò.

Bọ̀dá mi bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì.

Màmá dìde láti ìdí òpó tí wọ́n ti jókòó látàárọ̀. Wọn ò sọ pé má lọ. Wọ́n tú gèlè wọn. Kì í ṣe nǹkan kékeré, n ò tíì rí irun Màmá níta gbangba rí, funfun ni, dídì kéékèèké mẹ́rin. Wọ́n so gèlè mọ́ ìborùn, wọ́n fi eyín fa kókó náà le, wọ́n wá so ẹnu kan mọ́ ọ̀dọ̀ Bọ̀dá mi ní ìdí. Ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, awọ orí ẹ̀ ti ń hàn. Ó na apá sókè kí wọ́n lè so ó dáadáa.

Ló bá bẹ́ sómi. Aṣọ náà ò ju ìgbọ̀nwọ́ mẹ́jọ lọ, ibi tí ó gùn mọ ni Bọ̀dá mi ń lúwẹ̀ẹ́ mọ, ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Àwọn èèyàn ń yà á ní fídíò. Kókó kan ṣoṣo ló ní láti tú. Kò tú u.

Nígbà náà la gbọ́ tí nǹkan já sómi ní òdìkejì ọkọ̀. Àjọkẹ́ ni. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì wà lọ́rùn ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ti ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sọ́nà ilẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mú nǹkan kan dání fún un. Màmá wo ọmọ náà. Wọ́n wo aṣọ ọwọ́ wọn. Aṣọ kan ni, ọmọ méjì.

“Lọ bá a!” Wọ́n pariwo ẹ̀ sí Bọ̀dá mi, wọ́n sì ju aṣọ sílẹ̀.

Bọ̀dá mi lúwẹ̀ẹ́ yí ìdí ọkọ̀ lọ, gèlè wọn ń wọ́ tẹ̀lé e lórí omi, gígùn, aláwọ̀ aró, títí ó fi bá a. Màmá dúró sídìí irin ọkọ̀ láìdi nǹkan kan mú. Ojú wọn wà ní lílà.

Nínú rélùwéè lọ́jọ́ kejì, wọ́n sá gèlè náà sẹ́yìn ìjókòó iwájú wọn, nítorí pé kò tíì gbẹ tán nígbà tí a kúrò ní Yábàá. Kí a tó dé Abẹ́òkúta, ó ti gan. Ìlà funfun kan hàn lára ẹ̀ níbi tí kókó wà. Àwọn ọmọ ti sùn. Mo rí Màmá tí wọ́n fi èékánná họ ìlà funfun náà díẹ̀, wọ́n wo ọ̀tún wo òsì, wọ́n fi kan ahọ́n.

“Iyọ̀ ni,” wọ́n sọ ọ́ fún fèrèsé.